Owó gíráǹtì kì í ṣe ti ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan

Ní Èkìtì níbí, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ téèyàn ò ní dá padà, láàárín àwọn ọ̀dọ́, ì báà jẹ́ l'Adó tàbí láàárín àwọn ọmọ yunifásítì l'Ọ̀yẹ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé "app wo lẹ fẹ́ ṣe?" Wọ́n ti gbà pé owó táwọn àjọ òkèèrè ń ná lórí ọgbọ́n tuntun, láti fi ran àwọn tógun, omíyalé tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá jà lọ́wọ́, ti àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà ni. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọdé ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà Ọ̀mùò á gbọ́, á ní kò kan òun. Ó kàn án o, ó kàn án gan-an.

Ọgbọ́n tuntun kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ wo ọdún 1971. Ogun Bangladesh lé àìmọye èèyàn wọ India, onígbáméjì ń pa wọ́n ní àgọ́ tó wà ní Bongaon, omi dírìpù sì tán lọ́wọ́ àwọn dókítà. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀, glucose àti baking soda pọ̀ mọ́ omi, kí wọ́n rọ ọ́ sínú dúróòmù, kí àwọn ará ilé aláìsàn máa fi kọ́ọ̀bù bù ú fún èèyàn wọn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 ti ń kú tẹ́lẹ̀, kò pé 4 mọ́. Àwọn onímọ̀ ti mọ àdàlù yẹn ṣáájú ìgbà yẹn o, ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé wọ́n fi ìtọ́jú lé ìyá àti ẹ̀gbọ́n aláìsàn lọ́wọ́.

Plumpy'Nut náà ńkọ́? Ẹ̀pà lílọ̀ ni, pẹ̀lú mílíìkì, ṣúgà, òróró àti fítámì, tí André Briend àti Michel Lescanne ṣe ní France ní 1996 fún ọmọ tí ebi ti sọ di egungun. Mílíìkì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ń fẹ́ omi tó mọ́, ó sì ń fẹ́ kí ọmọ wà ní ọsibítù, ṣùgbọ́n èyí, ìyá á kàn ya ọ̀rá rẹ̀ nílé ni, ọmọ á lá a.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú ẹ̀rọ, ìṣòro gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú. Elrha, àjọ kan ní ìlú ọba tó wà nídìí Humanitarian Innovation Fund, ìyẹn owó fún ọgbọ́n tuntun tó ń ran àwọn tí àjálù bá lọ́wọ́, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kéèyàn kọ́kọ́ wá a bóyá ẹlòmíì ti rí ojútùú rẹ̀, àti pé títún nǹkan tó ti wà ṣe kó lè bá ibòmíì mu, iṣẹ́ ọgbọ́n tuntun lòun náà. Òótọ́ ni pé owó kan wà tó jẹ́ ti ẹ̀rọ ní tòótọ́, irú èyí tí UNICEF ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, tó lè tó 100,000 dọ́là, kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tí gbogbo ayé lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ìyẹn ò sọ gbogbo ẹ̀ di bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó lè rí gíráǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ kọ ìṣòro yẹn sílẹ̀ dáadáa: ta ló ń jìyà rẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe sí i báyìí, ibo nìyẹn ti ń kùnà. Tí ẹ ò bá tíì ní ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ àjọ tàbí ilé-iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ wá àjọ tó ti forúkọ sílẹ̀ lágbègbè yín, kẹ́ ẹ jọ kọ ọ́.