Owó bàálù mínísítà: bí wọ́n ṣe ń dá a láre

Kí mínísítà tó wọ bàálù lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, fáìlì ló ń kọ́kọ́ rìn. Ọ́fíìsì rẹ̀ á kọ mẹ́mò, wọ́n á kọ ibi tó ń lọ síbẹ̀, ohun tó fẹ́ lọ ṣe, iye òru tó máa sùn, àwọn tó máa tẹ̀lé e, àti ojú ibi tí wọ́n ti máa yọ owó náà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ojú ibẹ̀ kò fara sin rárá o. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 220201 ni owó ìrìnàjò, 22020102 ni ìrìnàjò abẹ́lé tí kì í ṣe ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 22020104 sì ni irú ẹ̀ tó jẹ́ ti òkè òkun. Bó ṣe wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì Abuja náà ló wà nínú ti Èkìtì, ẹni tó bá ṣí i lórí fóònù á rí i lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan.

Àkókò àti ààbò ni ìdí tí wọ́n sábà máa ń kọ, òótọ́ sì ni. Ẹni tó bá ti Adó-Èkìtì gba Ìkọ̀lé, Òmùò, Kàbà dé Lọ́kọ́jà kó tó kan Abuja mọ̀ pé odindi ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, ká tó wá sọ ti àwọn ajínigbé, ṣebí January 2024 ni wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì níbí. Èèyàn ò lè ní kí mínísítà máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yẹn náà ni tíṣà àti àgbẹ̀ ń gbà, owó wọn ló sì fi ń fò kọjá lórí ẹ̀, torí náà ó yẹ kí àlàyé tó máa ṣe fún wọn kún dáadáa.

Ibi tí owó ti ń wú jù ni jẹ́ẹ̀tì háyà. Nínú bàálù èrò, ìjókòó kan lèèyàn ń san, àmọ́ tí wọ́n bá háyà jẹ́ẹ̀tì, wákàtí tó fi wà lófurufú ni wọ́n ń ṣírò, bó bá sì padà lófìfo wọ́n á ṣírò ìyẹn náà mọ́ ọn, owó bíbalẹ̀ àti owó ìdúró tún wà níbẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí mẹ́mò tí kò bá sọ ìdí tí bàálù èrò ò fi lè gbé wọn.

Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ o. Tó bá jẹ́ Àkúrẹ́ ni mínísítà bọ́ sí kó tó wá Adó, ọkọ̀ tó máa lọ gbé e ń jẹ epo, àwọn sìkiọ́ríìtì ń gba owó, gbogbo ẹni tó bá sì sun ibẹ̀ ló ní owó òru tirẹ̀. Láti September 2022, ₦80,000 ni ti mínísítà lóru kan, ₦70,000 ni ti akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́, èèyàn wá lè fojú inú wo ohun tí èrò ẹ̀yìn ń sọ ọ́ dà. Ìyẹn ló fà á tí Ààrẹ Tinubu fi sọ ní January 2024 pé mínísítà ò gbọdọ̀ kó ju òṣìṣẹ́ mẹ́rin lọ sókè òkun, nígbà tó sì di April 1 ó fi oṣù mẹ́ta gbáko dá fífi owó ìjọba rìn lọ sókè òkun dúró, àfi èyí tí òun bá fọwọ́ sí.

Tí wọ́n bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ kó risíìtì àti bọ́ọ̀dìn pás sílẹ̀, kí wọ́n kọ ìjábọ̀, kí wọ́n dá owó tó bá ṣẹ́kù padà. Ọ̀dítọ̀ àgbà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, abala 85 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún ti ìjọba àpapọ̀, abala 125 fún ti ìpínlẹ̀, á wá gbé e lọ síwájú àwọn aṣòfin. Ó máa ń pẹ́ jù, ìyẹn ló ń dunni, nígbà mí-ìn ẹni tó náwó náà ti kúrò nípò.

Ṣùgbọ́n aráàlú ò ní láti dúró de ọ̀dítọ̀. Láti 2011 ni òfin ti fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti bèèrè ìwé ìjọba, ọdún yẹn náà ni Èkìtì ṣe tirẹ̀, ọjọ́ méje sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ fún wọn láti fèsì. Ẹ bèèrè mẹ́mò yẹn, orúkọ àwọn tó bá a lọ, àti ìjábọ̀, tí ìjábọ̀ bá sì ní àwọn lọ ṣàdéhùn iṣẹ́ ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé àdéhùn náà wá.