Ìdí tí wọ́n fi ṣì ń ka ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ mọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ríru

Bí ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, bá nu ìpẹ́ ẹja kúrò lọ́wọ́, tó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún un lápá tó sì tú u, tí 126 lórí 78 jáde, ayọ̀ ni. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò láràárọ̀, ló ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ àwọn tó ń ka iye ẹlẹ́jẹ̀ ríru láàárín ìlú ló yẹ̀ ẹ́ wò, wọn á kà á mọ́ wọn.

Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, tàbí tó ń lo oògùn rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á kà á. Inú ẹ̀ka kẹta yẹn ni ọgbọ́n ètò náà wà, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà. “Ó ti lọ” ni wọ́n ń wí, wọ́n á sì gbé oògùn tì.

Kò lọ. Ohun tí amlodipine ń ṣe ni pé ó ń dí èròjà calcium lọ́nà kó má baà ráyè wọ ẹran ara iṣan ẹ̀jẹ̀ bó ṣe fẹ́. Iṣan á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ráyè kọjá. Ohun tó ń mú iṣan fún ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń pẹja lórí ọ̀sà mọ irú èyí. Bí ọkọ̀ bá ń jò, ẹnì kan á jókòó sí ìdí rẹ̀, á máa fi igbá gbọ́n omi. Inú ọkọ̀ gbẹ nítorí pé igbá ń lọ, igbá ń bọ̀. Bí ẹni náà bá wolẹ̀ tó rí i pé ó gbẹ, tó wá gbé igbá sílẹ̀, omi kò ní ru lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ rin ìsàlẹ̀ àwọ̀n. Á dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, àjẹ̀ á máa le lọ́wọ́, kò sì sí ariwo kankan. Bí oògùn yìí náà ṣe rí nìyẹn: ó tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tó jáwọ́ lónìí lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́la kó ṣì dáa, kó wá rò pé òun ló jàre.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé, ní ọdún 2019, èèyàn bílíọ̀nù 1.28 tó wà láàárín ọdún 30 sí 79 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 46 kò mọ̀ rárá. Nǹkan bí 42 ló ń gba ìtọ́jú. Àwọn tí tiwọn wálẹ̀ sábẹ́ 140 lórí 90 kò ju bíi 21 lọ. Àlàfo tó wà láàárín 42 àti 21 ló dunni jù, nítorí oògùn ti dé ọwọ́ àwọn yẹn. Àwọn kan ń lò ó lónìí, wọ́n ń fò ó lọ́la. Owó tán lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Àwọn kan sì wà tí oríṣi oògùn kan ṣoṣo kò tó fún, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà yẹ̀ wọ́n wò kó tó fi ìkejì kún un.

Káàdì ìyá ẹlẹ́ja yẹn náà ní àléébù tirẹ̀ bí 126 lórí 78 nìkan bá wà níbẹ̀. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: lórí oògùn.