P0304: kí ni iná ẹ́ńjìnnì ń sọ gan-an?

Iná pupa rúsúrúsú kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì. Check engine là ń pè é. Bó bá tàn, brain box ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti rí ohun tí kò yé e, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó kọ yẹn ni kóòdù.

Láti ọdún 1996 ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà ti ń lo ìlànà kóòdù kan náà. Ìyẹn ni scanner pọ́ọ́kú kan ṣe lè ka ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi orúnkún awakọ̀, ni wọ́n ti ń kì í bọ̀ ọ́.

Nígbà tí iná Corolla 2005 mi tàn, rewáyà kan yọ orí bátìrì. Iná kú lóòótọ́, àmọ́ kóòdù bá a lọ. Ọjọ́ kẹta ló tún tàn, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. A síkáànì rẹ̀: P0304.

P ni ẹ́ńjìnnì àti gíà. 0 ni pé kóòdù náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. 3 ni ọ̀rọ̀ iná tó ń ṣáná sí epo. 04 ni sìlíńdà kẹrin: epo ibẹ̀ kò jó dáadáa, ó ń mísì. Ṣé ẹ rí ibi tó ti dárúkọ coil, ohun tó ń gbé iná alágbára fún plug tó ń ṣáná sí epo? Mẹkáníìkì mi rí i ní tiẹ̀. "Ọ̀gá, coil mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa pààrọ̀." Mo ní kó dúró ná. Coil lè fà á, plug lè fà á, nozzle, tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì, náà lè fà á.

A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, a wá kà á láti ìhà fan belt: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nọ́ọ̀tì kan péré ló di coil kọ̀ọ̀kan mú, sípánà 10 ló ń tú u. A gbé coil kẹrin sí ojú ihò kejì, a gbé ti kejì sí ìkẹrin, a pa kóòdù rẹ́, a sì wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká. Iná tún tàn. P0302! Àìsàn ti bá coil lọ sílé tuntun, ẹyọ kan yẹn la rà. Ká ní P0304 ló tún gbé wá ni, ọwọ́ coil mọ́ nìyẹn, plug ni à bá yọ wò.

Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, ìyẹn kò gba ìdánwò kankan lójú ọ̀nà. Epo tí kò jó ló ń wọ inú catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀, tó ń lọ jó níbẹ̀, ó sì lè yọ́ ọ. Ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì.