Kí Ló Ń Mú Kí Ọ̀bẹ Àpò Tètè Kújú?

Ohùn kan ń ti orí WhatsApp dé orí WhatsApp láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Kúbwà àti Nyanya, ní Àbújá. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní ká má gbé ọ̀bẹ fún àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri mọ́, pé ẹ̀rọ wọn ń pa irin. Àwọn míì fèsì pé irọ́ ni, pé ọ̀bẹ àwọn ń mú bí abẹ.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ń pa irin?

Ó lè pa á. Iná tó ń ta pàrà yẹn kọ́ ló ń ṣe é o, ooru ni. Nígbà tí wọ́n ń rọ ọ̀bẹ, ooru tí wọ́n díwọ̀n ni wọ́n fi mú irin rẹ̀ le. Ojú ọ̀bẹ fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ gbóná. Bó bá ti di àwọ̀ búlúù, ooru ibẹ̀ ti tó nǹkan bíi 300 dígírì Celsius, irin náà sì ti rọ̀. Yóò mú lọ́jọ́ náà. Kò kàn ní í pẹ́ ni. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í tẹ ọ̀bẹ mọ́ ẹ̀rọ, ó sì máa ń rì í bọ omi léraléra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ohùn orí fóònù gba oúnjẹ lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Omi àbí epo ni ká dà sórí òkúta ìpọ́nbẹ nílé?

Omi tó.

Báwo ni mo ṣe máa pọ́n ọn tí yóò fi pẹ́?

Ẹ tẹ́ ọ̀bẹ lé òkúta, kí ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. 20 dígírì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan dára fún ọ̀bẹ àpò. Bí irin rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 2, ẹ̀yìn rẹ̀ á fi bíi mílímítà 7 ga sí òkúta; pẹ́ńsù kan lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á mú gan-an, àmọ́ egungun tó bá kọ́kọ́ kàn ló máa ṣẹ́ ẹ lójú.

Ẹ pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí irin tín-ín-rín kan á fi yọ sí òdìkejì. Ojú kì í sábà rí i. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò ra á láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ bọ̀ síta, ẹ má ṣe fà á tẹ̀lé ojú ọ̀bẹ: á máa kọ́ yín lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ yọ láti ìdí ọ̀bẹ dé ṣóńṣó. Ẹ yí i padà, kí ẹ pọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ ọwọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ ò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Irin tín-ín-rín yẹn lè gé bébà, wọ́n á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Bí wọ́n bá fi gé iṣu, á ká, ọ̀bẹ á sì kújú. Ẹ fi awọ bẹ́líìtì àtijọ́ nù ún parí. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kó ṣáájú.

Mi ò ní òkúta ńkọ́?

Ẹ dojú ife tánganran dé. Etí ìdí rẹ̀ tí kò dán yẹn ń pọ́n ọ̀bẹ.

Kí ni mò ń ṣe tó ń ba ojú rẹ̀ jẹ́?

Ẹ ń gé nǹkan lórí àwo. Pákó ni kí ẹ lò, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ẹ sì fi máa gbá ohun tí ẹ gé kúrò.

Ọ̀bẹ mi ti di búlúù. Ṣé kí n jù ú nù?

Rárá. Ẹ fi òkúta àti omi pọ́n ibi búlúù náà kúrò pátápátá. Irin líle sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé ọ̀bẹ tó mú jù kò léwu?

Èyí tó kújú léwu jù, torí agbára lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, á sì yọ̀. Àmọ́ bí ọ̀bẹ yín kò bá ní ohun tó ń dè é bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ má fi ṣóńṣó rẹ̀ gún nǹkan líle. Ó lè padé mọ́ yín níka.

Ṣé mo lè mú un wọ bàálù láti Àbújá?

Kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì ọwọ́. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ kó o sínú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín.