Ọdún Òṣùpá Àwọn Ará Ṣáínà: Kí Ló Dé Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Ń Yí?

Ní 2024, ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ará Ṣáínà ṣe ọdún àárín ìgbà ìwọ́wé wọn. Nígbà tí ìròyìn sọ pé ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ni ti 2025 bọ́ sí, ọ̀pọ̀ òǹkàwé rò pé oníròyìn ló ṣì í kọ.

Ṣé àṣìṣe ni lóòótọ́?
Rárá.

Kí ló wá fà á?
Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ nínú kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń fi òṣùpá kà ni ọdún náà. Oṣù òṣùpá méjìlá sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún tí a fi oòrùn kà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì fi máa ń bọ́ sí ìgbà òjò nígbà kan, tí yóò sì tún bọ́ sí ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn ará Ṣáínà kò fẹ́ kí ọdún ìkórè tiwọn rìn jìnnà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń fi oṣù kan kún ọdún, ẹ̀ẹ̀meje láàárín ọdún 19. Ní 2025, oṣù kẹfà ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì, oṣù kẹjọ sì pẹ́ kí ó tó dé. Ní 2026, ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ni.

Níbo ni ọdún náà ti ṣẹ̀?
Láyé àtijọ́, àwọn ọba ìdílé Zhou a máa rúbọ sí òṣùpá ní ìgbà ìwọ́wé, àsìkò tí àwọn àgbẹ̀ ń kórè. Lábẹ́ ìdílé Tang (618–907), àwọn ọlọ́lá àti akéwì sọ wíwo òṣùpá àrànmọ́jú di fàájì. Lábẹ́ ìdílé Song (960–1279) ni ó di ọdún gbogbo ènìyàn. Ìtàn Chang'e, obìnrin inú ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn, ni wọ́n so mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀, Hou Yi, ni ó ta oòrùn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ́fà, tí wọ́n fi fún un ní oògùn àìkú. Chang'e mu oògùn náà, ó sì fò lọ sínú òṣùpá. Àwọn kan ní ńṣe ni ó jí i mu, àwọn mìíràn ní kí olè má baà gbà á ni. Ọwọ́ ẹni tí ó ń pìtàn ni ẹ̀bi rẹ̀ wà.

Ṣé òótọ́ ni pé inú kéèkì òṣùpá, èyí tí wọ́n máa ń jẹ nígbà ọdún náà, ni wọ́n fi ìwé ọ̀tẹ̀ pamọ́ sí láti lé àwọn Mongol tí wọ́n ń jọba lé Ṣáínà lórí nígbà kan?
Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ ìgbà náà tí ó jẹ́rìí sí i.

Ọ̀gá mi tí ó jẹ́ ará Ṣáínà fún mi ní kéèkì yìí. Bí mo bá jẹ ẹ́, ṣé mo ti bọ òṣùpá nìyẹn?
Rárá. Òótọ́ ni pé àwọn kan ṣì ń gbé oúnjẹ síwájú òṣùpá lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ìkíni ni èyí tí ọ̀gá yín fún yín: bí kéèkì náà ṣe rí roboto dúró fún ìdílé tí ó pé jọ. Bí ọkàn yín kò bá gbà á síbẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn.

Ṣé kò léwu?
Ṣúgà àti ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, pupa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí a fi iyọ̀ sí sì sábà máa ń wà láàárín, nítorí náà kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣọ́ra. Àwọn tí wọ́n ni ín gan-an kì í dá odidi kan jẹ. Wọ́n a máa gé e sí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, wọ́n a sì fi tíì sìn ín.