Rọ́bà oúnjẹ láti imú: àwọn ohun tí ẹ ń bi wá

Fọ́tò bàbá àgbà kan tí wọ́n fi rọ́bà sí nímú ń lọ láti fóònù dé fóònù n'Ílọrin. Àwọn kan ní àmì ikú ni. Rárá o.

Ta ni wọ́n ń fi sí?
Ẹni tí inú rẹ̀ ṣì lè lọ oúnjẹ, àmọ́ tí kò lè gbé e mì: ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹni tí jẹjẹrẹ dí lọ́fun, ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé.

Ṣé kò sàn ká máa rọ màmá wa ní ògì díẹ̀díẹ̀?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí ọ̀fun ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ògì lè yà sọ́nà èémí, kí màmá má tilẹ̀ wúkọ́. Tó bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ibà á dé, mímí á le. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ nìyẹn, kì í ṣe rọ́bà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé inú ikùn ló wà?
Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ wọn rọ́bà láti imú dé etí, láti etí dé ibi tí eegun àyà parí sí, á sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá wọlé, á fa omi díẹ̀ jáde, á kán an sórí bébà ìdánwò tó ń fi bí omi ṣe kan tó (pH) hàn. Bí bébà bá fi 5.5 tàbí kó dín hàn, ikùn ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, X-ray ló kù. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí rọ́bà kí wọ́n sì fetí sí ikùn kò tó: ó lè dún bẹ́ẹ̀ nígbà tí rọ́bà wà nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Títí dìgbà wo?
Ti imú kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Tó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé e gba ara ikùn.

Báwo la ó ṣe máa fún aláìsàn lóúnjẹ gba inú rọ́bà nílé?
Iye tí dókítà bá kọ ni kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ gbé orí wọn sókè bí ẹni tó fẹ̀yìn tì. Ẹ sẹ́ ògì náà kó ṣàn, ẹ jẹ́ kó máa rọra lọ fúnra rẹ̀, ẹ má fi ipá tì í. Fún àgbàlagbà, omi 30 ml ṣáájú, 30 ml lẹ́yìn, torí ògì tó bá gbẹ sínú rọ́bà á dí i. Wọn ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán.

Ààwẹ̀ ńkọ́?
Al-Kùránì 2:184 fún aláìsàn láyè. Ẹ bi àlùfáà yín nípa fídíyà (oúnjẹ tí a ń fún aláìní dípò ààwẹ̀).

Tó bá dí ńkọ́?
Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, ẹ rọra tì í, ẹ rọra fà á. Ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ má da mínírà sí i.

Tó bá yọ ńkọ́?
Ẹ má dá a padà fúnra yín. Ti ikùn ni kẹ́ ẹ tètè sáré sí jù, torí ihò náà lè pa dé láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ẹ bá wà l'Ọ́fà tàbí Òmù-Àrán, ọsibítù tó súnmọ́ yín ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní ó di Ìlọrin lọ́la.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?
Bí wọ́n bá ń wúkọ́ tàbí bì bí oúnjẹ ṣe ń wọlé, tí mímí ń yára, tàbí tí ikùn le gbagidi, ẹ dá oúnjẹ dúró, kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.