Bí Ẹsẹ̀ Bàlúù Bá Kọ̀ Tí Kò Jáde

Fífa korobá omi jáde nínú kànga gba agbára, ṣùgbọ́n jíjù ú sílẹ̀ kò gba nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ bàlúù, ìyẹn irin ńlá tó gbé táyà rẹ̀. Bí bàlúù bá gbéra tán, òróró tí páǹpù ń tì gba inú páìpù ló ń gbé ẹsẹ̀ náà wọ inú ikùn rẹ̀. Tó bá dókè, ìkọ́ á gbá a mú, ìkọ́ yìí ló sì máa gbé e dúró títí ìrìn àjò á fi parí.

Nítorí náà, bí òróró bá jò tán lójú ọ̀run, iṣẹ́ tó kù kò ju kí ìkọ́ ṣí lọ, kí korobá já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú Boeing 737, awakọ̀ á ṣí ìdérí kan nílẹ̀ yàrá wọn, á fa ohun mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú Airbus A320, ọwọ́ irin kan ni wọ́n ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti ẹsẹ̀ iwájú tilẹ̀ tún dùn jù: iwájú ló ń ká sí nígbà tó bá ń wọlé, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ń kọlu bàlúù ló ń tì í sẹ́yìn nígbà tó bá ń jáde, títí á fi há sáyè rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò wá ẹ̀rọ mìíràn tí yóò gba ẹ̀rọ tó bàjẹ́ sílẹ̀. Ìwúwo ni wọ́n gbára lé, ìwúwo kì í sì í bàjẹ́.

Àmọ́ bí ìkọ́ kò bá ṣí ńkọ́? Nínú Boeing 767, mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná ló ń ṣí i, kì í ṣe ọwọ́ èèyàn. Lọ́jọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2011, 767 ti LOT, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Poland, gbéra ní Newark ní Amẹ́ríkà lọ sí Warsaw, olú ìlú Poland, èèyàn 231 ló wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí òróró fi jò dànù. Nígbà tí wọ́n dé Warsaw, wọ́n tẹ bọ́tìnì mọ́tò náà, ìkọ́ kò mira. Bàlúù ológun F-16 méjì wá yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, wọn ò rí ẹsẹ̀ kankan. Tadeusz Wrona, ọ̀gá awakọ̀, fi ikùn bàlúù gúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Nígbà tí wọ́n fi kéréènì gbé e sókè, wọ́n tẹ bírékà kan tó ti já padà, ẹsẹ̀ sì jáde. Àbùkù gidi nìyẹn. Ohun tí a fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro kò yẹ kó rọ̀ mọ́ bírékà kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé bí ẹsẹ̀ kò bá ti jáde, ikú dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 1972, gúlóòbù kékeré kan jó nínú bàlúù Lockheed L-1011 ti ilé iṣẹ́ Eastern, iná aláwọ̀ ewé tó yẹ kó sọ pé ẹsẹ̀ iwájú ti há sáyè rẹ̀ kò sì tàn. Gbogbo ojú lọ sára gúlóòbù. Kò sẹ́ni tó rí i pé bàlúù ń rọra sọ̀kalẹ̀, títí ó fi wọ irà Everglades. Èèyàn 101 kú, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ti jáde tipẹ́. Ní Portland, ní Amẹ́ríkà kan náà, lọ́jọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 1978, bàlúù DC-8 ti ilé iṣẹ́ United ń yí po fún bíi wákàtí kan nítorí iná kan tí kò tàn. Epo tán mọ́ wọn lọ́wọ́ lókè, èèyàn 10 kú. Ẹsẹ̀ tiwọn náà ti jáde.

Ní ọdún 1981 ni United bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa pín iṣẹ́ nígbà irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan á máa wa bàlúù, kò ní bá wọn dá sí gúlóòbù. Ẹnì kejì á máa ka ìwé ìlànà. Wọ́n á sì ti fẹnu kò lórí iye epo tí yóò kù tí wọ́n á fi balẹ̀, ẹsẹ̀ ìbáà jáde, ìbáà má jáde.